Òǹkàwé Kan Tí Kò Mọ̀ Wá Rí

Gbogbo ẹni tó ra ìwé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló mọ̀ ọ́n lójúkojú. Ohun tó ń dun obìnrin náà gan-an nìyẹn.

Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Oǹdó ló ń gbé, Mọ̀mí sì ni gbogbo wa ń pè é nínú ẹbí. Ìwé rẹ̀ dá lórí tíṣà kan tí wọ́n gbé lọ sí abúlé etí omi nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú, tó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Àwọn kan ra mẹ́ta-mẹ́ta. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í lọ síbi ìkójáde ìwé nítorí ìwé. Ẹni tó ni ín là ń bá lọ, kó má baà dá nìkan dúró níwájú èrò. Mi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe ìwé kíkà.

Mo wà lọ́dọ̀ Mọ̀mí lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i. Mọ̀mí gbé mínírà fún un, ó sì bi í léèrè ibi tó ka ìwé dé.

"Háà, Mọ̀mí, mo ti kà á tán. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe."

"Kí lẹ rí sí ìyá ọmọ yẹn? Ṣé ó yẹ kó lọ?"

Obìnrin náà mu mínírà rẹ̀ díẹ̀. "Ṣẹ́ ẹ rí i, Ọlọ́run á máa bá wa wo àwọn ọmọ wa."

"Àmín," ni Mọ̀mí wí.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó gbé ìgò mínírà kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ti kọ ìwé kejì dé ìdajì, àmọ́ òun ò mọ ẹni tí òun ń kọ ọ́ fún mọ́.

"Tí òjò ọdún yìí bá lọ tán," ó ní, "tí ẹnì kan tí kò mọ̀ mí, tí kò mọ bàbá rẹ, tí kò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, kò bá tíì ka èkíní, màá pa ìkejì tì."

"Ẹnì kan péré?"

"Ẹnì kan. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ ti rà á."

Mo mọ̀ ọ́n. Kì í halẹ̀. Tó bá ní òun máa pa nǹkan tì, ó máa pa á tì, kò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo ti ka orí díẹ̀ nínú ìwé kejì náà, ó sì dá mi lójú pé ó dára ju èkíní lọ. Mo sọ fún un pé màá ṣí ìkànnì kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá gbé orí mélòó kan nínú ìwé náà síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì wá ọ̀nà tí àjèjì fi máa rí i. Mi ò ṣèlérí pé àjèjì yóò wá. Mo ní màá gbìyànjú.

Kò tíì pẹ́ tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni mo gba yàrá sí. Láàárọ̀, mò ń bá ọ́fíìsì kan tẹ ìwé ní Alágbàká, nínú ìlú Àkúrẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó ti ìkànnì Mọ̀mí tí iná bá wà. Irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó máa ń sọ fún ẹni tó ni ìkànnì nípa ohun tó ń lọ níbẹ̀: èèyàn mélòó ló wọlé, báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó, ojú ewé wo ni wọ́n ṣí, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá nǹkan kí ìkànnì wa tó yọ sí wọn. Mo fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí. Kì í yinni, kì í sì í búni.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi nìkan ni àlejò tó rí. Lójijì ni iye náà fò sókè. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa rò nígbà tí Mọ̀mí pè mí láti Oǹdó.

"Ṣé o ti rí i? Wọ́n ní ibẹ̀ ti kún."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀, Mọ̀mí?"

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ni. Mo sọ fún wọn lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé wa sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn. Gbogbo wọn ti wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ náà ti wọlé."

Mo ṣí irinṣẹ́ náà kí n tó dá a lóhùn. Wọ́n ti wọlé lóòótọ́. Ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn kò lò tó àkókò tí èèyàn fi ń ka ojú ewé kan. Wọ́n ṣí i, wọ́n kọ "Ẹ kú oríire, Mọ̀mí" sísàlẹ̀, wọ́n jáde. Àwọn tó gba ẹ̀rọ ìwárí wọlé, orúkọ Mọ̀mí ni wọ́n tẹ̀, tàbí orúkọ iléèwé tó ti ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́sí ni wọ́n tún kóra jọ sí, orí fóònù ló kàn wà báyìí.

"Mọ̀mí, wọ́n wá kí yín ni. Wọn ò kà á."

Mi ò lè fi iye tí mo mọ̀ pé kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀ mú inú rẹ̀ dùn.

"O le o," ó ní. "Bàbá rẹ náà le bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Á jẹ́ pé kò tíì sí ẹnì kankan."

"Kò tíì sí."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Alágbàká tó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sí iwájú ìkànnì pé ìwé yìí ni ìtàn Yorùbá tó dára jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Mo bi í pé ta ló ti fi gbogbo ìtàn náà wé ara wọn.

"Ìwọ pẹ̀lú ìbéèrè," ó ní. "Ó dáa, mo ní àbúrò kan ní Ìbàdàn. Á kọ lẹ́tà aládùn sí Mọ̀mí yín, á ní òun sunkún. Ìyá yẹn á kọ ìwé rẹ̀, gbogbo wa á sì sinmi."

"Kò ní jẹ́ òótọ́."

"Ṣé òótọ́ ló fẹ́ ni àbí òǹkàwé?"

"Ohun kan náà ló ń bèèrè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú mi ni kì í tètè rí ọkọ fẹ́. Síbẹ̀ ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo mú dání: kò sí ẹni tó ń wá orúkọ tí kò mọ̀. Ohun tó ń jẹ èèyàn lára ló ń tẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò mọ bó ṣe kàn wá. Ìtàn ni tiwa, kì í ṣe oògùn ibà.

Ó yé mi nínú mọ́tò. Mò ń ti Oǹdó bọ̀ ní Àkúrẹ́, obìnrin kan jókòó tì mí lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé gbogbo wa la wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà ni òun náà. Tiransífà rẹ̀ ti jáde, ibi tí wọ́n gbé e lọ jìn, ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn.

"Kí n gbé e dání kẹ̀, nínú ẹ̀fọn yẹn?" ó ń wí. "Ìyá ẹ ti ní kí n gbé e wá, àmọ́ ṣé ọmọ yẹn máa mọ̀ mí tí mo bá dé?"

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, dẹ́rẹ́bà wò ó nínú dígí. "Àǹtí, kí ọkọ yín ṣe ìyá ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa rí i pé tiransífà yẹn á yí padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo iwájú yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí ẹ̀rín ti lọ, ó tún gbé fóònù, ó ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ ìwárí. Mi ò fẹ́ wo fóònù ẹlòmíì, ṣùgbọ́n èjìká wa fara kanra. Ó ń bèèrè bóyá ọmọ lè gbàgbé ìyá rẹ̀. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló pò pọ̀. Ìwé Mọ̀mí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbéèrè yẹn ló ń bèèrè, kò sì sí ibi kankan lórí ìkànnì wa tí mo ti kọ ọ́. Orúkọ ìwé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni mo kọ gàdàgbà, bí ẹni ń kọ pátákó ọ́fíìsì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tún gbogbo rẹ̀ tò. Orí kọ̀ọ̀kan tí mo gbé síbẹ̀, mo fún un ní àkọlé tí ẹni tó wà nínú ìṣòro lè tẹ̀: bóyá ọmọ ń gbàgbé ìyá tó lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ìyá ọkọ ń bá ni tọ́mọ, bí ilé ṣe ń rí nígbà tí ìyàwó bá ń wá lópin ọ̀sẹ̀ nìkan. Mo dín àwọn àwòrán kù kí ojú ewé lè tètè ṣí fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀. Mo so orí kan mọ́ èkejì kí ẹni tó bá kà á tán lè máa lọ.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń wá ọ̀nà láti fagi lé tiransífà lè bọ́ sọ́dọ̀ wa, kó rò pé òun ti rí ìrànlọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sí òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan pé ìtàn ni èyí, kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ bẹ̀bẹ̀, ohun tí ojú ìyá kan rí ló sọ. Ọ̀rẹ́ mi ní mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lé oníbàárà. Ó ṣeé ṣe. Irinṣẹ́ náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ tó wọlé ló ń jáde lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Mi ò yọ ọ́. Àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á, mo mọ ohun tí wọ́n jókòó tì.

Òjò ń dín kù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Oǹdó, Mọ̀mí kì í bi mí, èmi náà kì í sọ. Ó ti kó ìwé kejì kúrò lórí tábìlì ìjẹun. Mo padà sí Ọ̀bà-Ilé, mo tún àkọlé kan ṣe, mo dúró wo ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ, mo tún òmíràn ṣe. Àwọn tí kò tẹ orúkọ Mọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó ṣí ojú ewé lè ti fi fóònù sílẹ̀ kó lọ dáná. Mi ò tíì lè pè é ní òǹkàwé.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti orí ìkànnì. Ọkùnrin ló kọ ọ́, láti ìlú kan lápá Kwara. Kò kí wa kú oríire.

"Mo ka gbogbo orí tí ẹ gbé síbẹ̀," ó kọ. "Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí mo fi bá yín pàdé. Inú bí mi. Gbogbo èèyàn ló sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí àyàfi ọkọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kó tó dé, ẹ ò sì jẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣé ẹ bi ọkùnrin kankan kí ẹ tó kọ ọ́?"

Orí keje ni ọ̀rọ̀ aṣọ lílọ̀ yẹn wà, gbólóhùn kan péré. Ẹni tó bá sáré fò ó kò lè rí i. Mo wo irinṣẹ́: ìbéèrè nípa ìyàwó tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀ ni ẹnì kan láti apá ibẹ̀ tẹ̀ tó fi wọlé, ó sì ti padà wá láìmọye ìgbà. Síbẹ̀ mo kọ̀wé sí i, mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó kọ ìwé náà tàbí ẹnikẹ́ni ní Oǹdó. Ó ní òun ò dé Oǹdó rí, kí ló dé tí mo fi ń bèèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé fóònù náà lọ bá Mọ̀mí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rán an?"

"Rárá, mà."

"Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kọ́ ìkànnì yẹn ńkọ́?"

"Ó fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Mi ò gbà fún un. Dé ibi tí mo lè wádìí dé, ọkùnrin yìí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ó gbé fóònù náà sórí itan rẹ̀. "Ta ló sọ fún un pé ọkọ ò sọ̀rọ̀? Ọkọ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí kejì." Ó nawọ́ mú ìwé, ó ń ṣí i, ó ń wá ibẹ̀, ó sì rí i. Ó kà á sókè fún mi. Ọkọ bèèrè ibi tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sí, ó tán.

Mọ̀mí pa ìwé dé.

"Kọ̀wé sí i," ó ní. "Sọ pé mo ní kò ka orí kejì dáadáa."

"Ó kà á, Mọ̀mí."

"Mo mọ̀ pé ó kà á." Ó dìde, ó lọ sínú yàrá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀. Ó gbé ìdajì ìwé kejì jáde, ó tò ó sórí tábìlì ìjẹun, ó sì fi bébà òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bi í ohun tó máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ìyàwó rẹ̀ bá ti lọ. Kó sọ òótọ́ o. Kó má sọ èyí tó máa wù mí."

Mo jókòó, mo ń tẹ̀ ẹ́. Kí n tó parí, ó ti ń kọ̀wé.