Nọ́ńbà Tí Kò Yí

Èmi ni mo máa ń ya sákíìtì tó ń darí ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ àti ti ẹ̀rọ mìíràn. Lẹ́yìn gíláàsì iwájú rẹ̀, tiransísítọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ìlà kan á gba iná, á tan tirẹ̀, á sì tì í sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Bó bá wá rẹ ọ̀kan láàárín nítorí ooru, àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ò ní rí nǹkan gbà mọ́. Wọ́n á kàn máa fi èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn hàn títí tó fi máa ṣá. Yàrá tútù la sì ti ń dán an wò. Ta ló ro ti ooru Kábà?

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi láti Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ wá sí ọsibítù kan ní Kábà, kò lè mí dáadáa. Wọ́n fi ọ̀ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fi nǹkan kékeré gbá ìka rẹ̀ mú, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń ka èémí rẹ̀, tí kò lóhùn mọ́, sẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán bà lé e gan-an. Lókè, ìlà ọkàn ń fò sókè sódò. Nísàlẹ̀, nọ́ńbà ọ̀ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ó dára, kí n lọ jẹun.

Oúnjẹ wo? Nọ́ńbà yẹn ni mò ń wò, kò sì yí rárá. Èèyàn tó ń mí, nọ́ńbà tirẹ̀ kì í dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, pé iṣẹ́ mi ló ń dà mí láàmú. Ojú tì mí, mo jókòó, ṣùgbọ́n n kò gbé ojú kúrò lára nọ́ńbà náà.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lójú gíláàsì, bíi ti ìlà tí kò rí iná gbà mọ́. Mo fọwọ́ kan ìka ìyá mi, ó tutù. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, n kò mọ̀. Ó kí mi ní “Okun o”, bí wọ́n ti ń kíni ní Kábà, ó tẹ̀ lé mi, ó sì kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀rọ, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe.

“Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ìyẹn. Ẹ wo ojú rẹ̀.”

Ó wò ó, ó sì sáré. Ọ̀ọ́síjìn inú sílíńdà ti tán. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mo gba àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, mo gba ti mọ́sáláṣí bàbá mi mọ́ ọn. Ẹ̀rù ikú bà mí, n kò ní purọ́.

Ó pẹ́ kí ètè rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ mìíràn wá nígbà tí ìyá mi lajú. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fi ojú wá, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó ní:

“Ọmọ mi ló ń ṣe àwọn nǹkan yìí o.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Mo fẹ́ sọ pé ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá tèmi ni. Kò sóhun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó lè jẹ́ kí n mọ̀.