Ìyẹ́ Tó Ń Juwọ́ Lókè Ṣàngó

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ yìí, kí ojú mi tó là tán. Ìró bàálù kékeré kò jọ ti ńlá. Ti ńlá a máa sán bí àrá, a sì kọjá lọ; ti kékeré a máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ilé kẹta. Láti inú ìró yẹn ni mo ti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wà á, nítorí ó ń fún un ní iná, ó tún ń dín in kù, bí ẹni tí kò tíì gbà pé afẹ́fẹ́ lè gbé òun. Tó bá dé òkè ilé wa ní àdúgbò Ṣàngó níbí, ní Ìlọrin, yóò tẹ ìyẹ́ òsì rẹ̀ bà díẹ̀, yóò gbé e padà, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í jáde wò ó. Fèrèsé ni mo máa ń tì. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò wa tẹ́ ẹ máa ń béèrè ìdí tí bàálù fi ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè ilé wa, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òkè Lélé la ti dàgbà, èmi àti Sàfúrátù, nínú agbo ilé kan náà. Amọ̀ tútù àti èéfín ni agbo ilé wa ń rùn nígbà náà. Àwọn ìyá wa ń mọ ìkòkò, àwa ọmọdé ni a ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ fún wọn títí yóò fi rọ̀ bí iyán. Bí ìkòkò bá gbẹ tán, wọn a tò ó jọ sí gbangba kan tó wà lẹ́yìn ilé, wọn a fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọn a sì dáná sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ nípa afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Ibi tí èéfín bá dà sí lánàá tó ta wá lójú, a kì í jókòó síbẹ̀ lónìí láìkọ́kọ́ wo bí koríko ṣe ń mì.

Gbangba yẹn náà ni a máa ń sá lọ bí bàálù bá ń kọjá. Àárín kéú ló sábà máa ń bá wa. Bí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, pátákó wàláà tí a fi ń kéú á bọ́ lọ́wọ́ wa, ó di eré. Àfáà wa á dìde, á na ọ̀pá sí wa.

"Ẹ padà síbí! Ṣé bàálù ni yóò bá yín dáhùn lọ́jọ́ àlùkìyáámọ̀ ni?"

A ti dé gbangba nígbà náà, a ti ń pariwo. "Bàálù, ó dàbọ̀ o! Bá mi ra bàtà bọ̀!" "Bàálù, bá mi ra kẹ̀kẹ́ bọ̀!" Sàfú nìkan ni kì í bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Á dúró sọ́tọ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa kígbe pé, "Bàálù, ṣé o rí mi?"

A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo rántí pé èmi gan-an ni mo sọ pé, "Sàfú, ta ni yóò rí ẹ, pẹ̀lú bí o ṣe dúdú tó?"

Kò tilẹ̀ yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ní kó ra bàtà bọ̀ ńkọ́? Bí kò bá kọ́kọ́ rí ẹ, báwo ni yóò ṣe mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ?"

Mo rò pé ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fà sí ojú ọ̀run. Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ wọ bàálù nítorí kí wọ́n lè lọ jìnnà. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó wà lókè ń rí wa.

Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ iṣẹ́ wíwa bàálù ní Sàríà. Olùkọ́ mi kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í yinni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a balẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí n máa dá a wà lọ. Bí mo ṣe gbéra báyìí, mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣófo. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn fún ẹni tí kò bá ṣe é rí. Àwọn táyà fi ilẹ̀ sílẹ̀, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, ohun gbogbo sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí ìyá bá gba ọmọ tó ń sunkún. Mo kọrin. Mo pariwo. Ìgbà yẹn, àga òfìfo jẹ́ ohun ayọ̀.

Mo wa bàálù ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wá sí Ìlọrin wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní wíwa bàálù. Sàfú ti di Ìyá Rámátù nígbà náà, mo sì ti di Bàbá Rámátù. Kò fẹ́ràn láti wọ bàálù. Ìgbà tó lọ sí Mẹ́kà, ìborùn ló fi bojú láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra títí wọ́n fi balẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó jẹ́ kí n gbé e lọ sókè, kí ó wo ilé wa láti òkè.

"Bàbá Rámátù, ilẹ̀ ni mo ti fẹ́ yín," ló máa ń wí. "Ilẹ̀ náà ni kí ẹ ti máa rí mi."

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé akẹ́kọ̀ọ́ gba òkè Ṣàngó, mo rí òrùlé wa, mo sì tẹ ìyẹ́ òsì bà. Nígbà tí mo délé, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. "Mo juwọ́ sí yín! Ẹ rí mi, àbí?"

"Mo rí ọ."

Kì í ṣe pé mo rí i. Láti òkè yẹn, ilé kò ju páálí ìṣáná lọ, èèyàn kò sì hàn rárá. Ó mọ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Bí a sì ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ń ṣe é, tí wọn kò bi mí léèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni gbé ìkòkò tí wọn kò tíì sun: bí o bá fún un, á wọ́, bí o bá dẹ̀ ẹ́, á bọ́. Wọ́n rò pé títẹ ìyẹ́ náà wà lára ẹ̀kọ́ ni.

Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un lọ, nígbà ọyẹ́. A sin ín kí wọ́n tó kírun alásárì. Lọ́jọ́ fídáù, bí àwọn àfáà ṣe ń ṣàdúà lọ́wọ́ ní àgbàlá, bàálù kékeré kan dé. Ó tẹ ìyẹ́ òsì bà. Gbogbo èèyàn gbójú sókè. Mo rí ọwọ́ Rámátù ọmọ wa tó gbéra, tó sì já wálẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dé bí àlejò tó ń kí ẹni tó ti kú, tí kò sí ẹni tó túfọ̀ fún un. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pinnu láti lọ sọ fún wọn kí wọ́n ṣíwọ́.

Lánàá ni mo lọ. Mo gba àdúgbò Challenge, mo bọ́ sí títì Ògbómọ̀ṣọ́, mo dé pápákọ̀ òfurufú. Rùkáyátù, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan, ló ń darí àwọn olùkọ́ báyìí. Ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ọlọ́run á tẹ́ Màámi sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Ruka, títẹ ìyẹ́ tẹ́ ẹ máa ń ṣe lókè Ṣàngó yẹn…"

"Háà, sà! Ṣé wọn ò ṣe é dáadáa ni? Mo ti ń bá wọn wí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀tún ló máa ń tẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín. "Kí lo rò pé ó wà fún?"

"Ìdánwò ni, àbí? Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tí kò bá kí Ìlọrin kò ní balẹ̀ dáadáa."

"Ilé mi ló wà níbẹ̀. Ìyá Rámátù máa ń dúró sẹ́yìnkùlé, á máa juwọ́ sí yín."

"Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ṣẹ́?"

"Gbogbo ìgbà. Ó máa ń ní, 'Èyí tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lónìí yìí, obìnrin ni.'"

Ruka kọ ojú sí ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Sà, kí wá ni kí n sọ fún àwọn ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi láti ilé. Mo wò ó, mo wo àwọn bàálù tí wọ́n tò sínú oòrùn, mo sì gbé e mì.

"Sọ fún wọn pé òsì ni," mo ní.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo gbọ́ ìró náà, mi ò ti fèrèsé. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró lábẹ́ okùn ìsáṣọ níbi tí Ìyá Rámátù máa ń dúró sí. Mi ò dúró síbẹ̀ rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Òkè ni mo máa ń wà. Bàálù náà dé, ikùn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Lẹ́yìn náà ló tẹ ìyẹ́ òsì bà, fèrèsé rẹ̀ sì hàn, mo sì rí òjìji orí méjì nínú rẹ̀, kékeré bí orí ìṣáná, kí ó tó gbé ìyẹ́ padà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe bí ẹni tó rí Sàfú, òun ló ń rí mi.

Gbangba ìkòkò wa ní Òkè Lélé ti di ṣọ́ọ̀bù. Ike làwọn èèyàn fi ń pọnmi. Àwọn ọmọdé kì í sáré tẹ̀lé bàálù mọ́, wọ́n ti rí i nínú fóònù. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ̀ mí, tí n ò mọ̀, ṣì ń tẹ òsì.

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Bàálù," mo ní, "ṣé o rí mi?"

Kò sí ẹnì kankan ní àgbàlá tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.