Nọ́ńbà tí Bàámi Fi Dá Wa Lóhùn

Òórùn òrí tí wọ́n pò mọ́ kánfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi n'Ísàlẹ̀ Èkó lọ́dún yẹn. Ìyá mi a máa fi pa á lápá ọ̀tún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Ìṣirò ni bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn náà ti dá a dùbúlẹ̀, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ kankan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá iyè rẹ̀ ṣì pé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wá láti Ìkòyí, a dúró ti ibùsùn, a ní, "Bàámi ò sí níbẹ̀ mọ́, ara lásán ló kù." Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó tì í, mò ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí iṣẹ́ bàbá mi lèmi náà ń ṣe. Mò ń wá nọ́ńbà ńlá kan tí nọ́ńbà mìíràn kò lè pín dọ́gba, irú èyí tí à ń pè ní práìmù. Mo sọ eéjì, ẹẹ́ta, aárùn-ún, eéje, oókànlá àti ẹẹ́tàlá di púpọ̀ mọ́ ara wọn, mo fi ẹyọ kan lé e. Ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n àti mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èyíkéyìí tí mo bá fi pín in nínú wọn, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Inú mi dùn.

"Màámi, ẹ wo nọ́ńbà yìí. Kò sóhun tó lè pín in."

"Irọ́ ni."

Orí ibùsùn ni ohùn náà ti wá. Agolo òrí bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹnu bàbá mi ṣì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n èmi gan-an ló tẹjú mọ́.

"Mọ́kàn… dínlọ́gọ́ta."

"Kí ni wọ́n wí?" ni ìyá mi ń bi mí. "Kí ni wọ́n ń kà?"

Mo fa bébà mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́kàndínlọ́gọ́ta pín nọ́ńbà mi. Mo mọ̀ pé bó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan péré, a jẹ́ pé ìrànrán lásán ni. Ó wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́sàn-án. Kò ṣẹ́ku nǹkan kan.

"Màámi, ó pín in! Iyè wọn pé!"

"Alihamudu lilahi!" Ìyá mi di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi; àfi bíi pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti sé èémí mọ́ra. Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo rántí gbogbo ohun tí a ti sọ lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Bàámi, ẹ dárí jì wá."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Mo ń gbọ́ yín," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó lè kí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń padà sẹ́nu bàbá mi lẹ́yìn ìyẹn. Títí dòní, bí mo bá lọ wo aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí, kí n tó kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Màá sì dákẹ́ díẹ̀, kó lè ráyè dáhùn.