Oògùn Ọjọ́ Ọjà Tí Mẹ̀dínátù Ń San Padà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín o, Mẹ̀dínátù kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo Ìlóbì ló mọ̀ pé tí obìnrin yìí bá jókòó ti agbada gaari, kò sí èyí tó máa jóná níbẹ̀. Àfi ìgbà tí dókítà kan n'Ílaró sọ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó ní kó máa lo oògùn, ẹyọ kan láràárọ̀. Kò tó oṣù kan, ó ti ń sùn lórí ìjókòó. Gaari ń jóná níwájú rẹ̀, kò gbóòórùn. Tó bá sùn látàárọ̀ dọ̀sán, tó jí, á tún máa rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò síbi tó ń dùn ún. Ṣé oògùn ló wá ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ni? Síbẹ̀, kò lè jù ú nù, torí àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ tó bá ti pé, kò ní lo oògùn, kí ara rẹ̀ lè le. Tó bá di Jímọ̀ tó ń sinmi, á da èyí tó fò pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ náà, á gbé e mì. Ṣebí bí a ṣe ń san ààwẹ̀ padà náà nìyẹn?

Háà! Jímọ̀ yẹn, agbára káká ló fi dìde kírun. Ọjọ́ ọjà tí kò lo nǹkan kan náà, oorun gbé e lọ. Orí rẹ̀ dàrú pátápátá.

Afeezat, ọmọ rẹ̀ tó wà ní pólì, ló fà á lọ sọ́dọ̀ Rodiat, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, oògùn kì í ṣe ààwẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ o. Kòkòrò yẹn ò sì mọ ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ tí ẹ bá fò ló ń ráyè."

"Ṣé oògùn ló ń jẹ́ kó rẹ̀ mí ni, àbí àìsàn náà?"

"Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ àìsàn. A máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, mo máa sọ fún dókítà. Ẹ ṣáà má dá a dúró fúnra yín."

Mẹ̀dínátù wò ó títí. Ẹni tó kàwé rẹpẹtẹ náà ò mọ̀ ọ́n! Inú bí i, ẹ̀rù sì tún bà á.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó gbé ẹyọ kan mì láàárọ̀, ó gbéra. Kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti ń hanrun láàárín ọjà. Ìbídùn tí wọ́n jọ ń ta gaari fọwọ́ tọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti sùn! Kí ló ń ṣe yín gan-an?"

"Mi ò mọ̀, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n mo ti lo tòní. Tí oníbàárà bá dé, bá mi dá a lóhùn."

Ó tún gbórí lé àpò gaari.