Wọ́n ní kí Síkírá má sọ Alata mọ́

Ẹ̀yin ará, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́fà lónìí!

Wọ́n ní kí òbí wá wo kíláàsì ní iléèwé ìjọba kan ní Nima, ní Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Èmi ni mo lọ fún Síkírá, ọmọ bùrọ̀dá mi. Mádàámù wọn máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ dáhùn kó tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Twi, èdè Ghana tí iléèwé ń lò. Ìyẹn ló jẹ́ kí Síkírá máa nawọ́.

Síkírá ń fi Yorùbá dáhùn lọ́wọ́ ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wọlé.

"Mádàámù, Alata kò sí nínú ìwé ìjọba. Kó má sọ Alata mọ́ níbí." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá àti èdè wa ní Ghana.

"Sà, tá a bá pa á lẹ́nu mọ́, kò ní dáhùn mọ́ o."

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Mádàámù rọra gbé ọṣẹ dúdú kan sókè. Gbogbo kíláàsì pariwo orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Twi: "Alata samina!"

Síkírá nìkan ló dákẹ́.

"Síkírá, ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ní n má sọ Alata mọ́."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni Yorùbá ti bọ́ lẹ́nu èmi náà. Síkírá yìí ló ń kọ́ mi ní Yorùbá. Látìgbà tá a ti délé, Twi ló fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Accra, èdè wo ni wọ́n gbà lẹ́nu tiyín? Báwo lẹ ṣe gbà á padà?