Òkúta Inú Báàfù

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí wa nílé wa ní Àgbówó, torí gbogbo ayálégbé ló gbé sitóòfù sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gùn, ó ṣókùnkùn, tí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, o ò ní rí ọwọ́ ara ẹ. Áà, ibẹ̀ dùn! Ibẹ̀ ni ihò kùsà wa.

Ibi ìwakùsà kan lókè Ọya ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ilẹ̀ gan-an, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń kó òkúta jáde. Tí wọ́n bá wálé, ìtàn ọkọ̀ ọ̀hún la fi ń jẹ búrẹ́dì. "Ẹ̀rọ oníbátìrì ló ń fà á," wọ́n á ní, "a ò fẹ́ èéfín nísàlẹ̀." Ẹni tó ń wakọ̀ nínú òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀ yìí kò jẹ́ kí àwa dá sọdá títì Bódìjà o!

Kúnlé ẹ̀gbọ́n mi ló wá to ọkọ̀ tiwa, ó fi ìkọ́ wáyà so wọ́n pọ̀. Òun ni ẹ̀rọ iwájú, òun náà ni dírẹ́bà. Tírè màmá wa ni ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbé igi àti páìpù. Kéréètì mínírà ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́, bèbí rọ́bà mi ló jókòó síbẹ̀. Báàfù wá ni ọkọ̀ òkúta, èyí tí wọ́n máa ń dojú ẹ̀ dé láti da ẹrù. Ta ni òkúta? Èmi ni! Gbogbo ìgbà! Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kí n wakọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Dákẹ́ jàre, òkúta kì í sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá wa dúró, wọ́n ń wò wá. Kúnlé fẹ́ ṣe àṣehàn, ló bá lu agogo, ó sáré. Kò so báàfù mọ́ ọn! Mo ń pariwo, "Ìkọ́ o! Ìkọ́ o!" Kò wẹ̀yìn, ó di ẹnu géètì.

Bàbá wa ní, "Dírẹ́bà, ẹrù ẹ dà?"

Gbogbo ayálégbé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wa ní dírẹ́bà gidi á kọ́kọ́ rìn dé ẹ̀yìn, á fọwọ́ kan gbogbo ìkọ́, kó tó lu agogo. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Bùkọ́lá, ó yá, bọ́ síwájú." Bí mo ṣe ní kí n gbéra báyìí, màmá wa dé: "Ẹ gbé báàfù mi wá, mo fẹ́ fọṣọ!"

Bó ṣe parí nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìwakùsà tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ oníbátìrì gidi, lábẹ́ ilẹ̀ gidi, èmi Bùkọ́lá ará Àgbówó! Inú mi dùn gan-an. Mo lu agogo, mo gbéra, ọkọ̀ ń lọ fẹ́ẹ́, mo ní ọwọ́ mi ló mọ ọkọ̀ wà. Mo dé ìta, ọ̀gá wa wo ẹ̀yìn mi.

"Dírẹ́bà, ẹrù ẹ dà?"

Mo padà lọ kó o, ẹ̀rín ń pa mí kú lọ. Àwọn òkúta yẹn jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn, wọ́n ń dúró dè mí. Kúnlé ò tiẹ̀ purọ́. Òkúta kì í sọ̀rọ̀ lóòótọ́, èmi nìkan ni òkúta tó pariwo ìkọ́ rí.