Ọjọ́ tí Àǹtí Bàlíkì Gun Kúbùsù

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ọmọ mi lọ sí eré ìje ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo ṣì ń wá ibi tí màá gbé mọ́tò sí nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n so mọ́ òpó kan wúkọ́ bí àgbàlagbà, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó fẹ́ sáré. Àyà mi já. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ọmọ náà fẹ́ sáré lé lórí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fẹ́ fi sá a. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ara mi ti mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ń ka orúkọ jáde nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kí ọmọ ilé wa má fẹ́ ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí àwọn ilé ńláńlá tó tò lọ bẹẹrẹ ní Fairwood, ẹ kò lè mọ̀ pé koríko ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Glenn Dale, nítòsí ibẹ̀ nílùú òyìnbó níbí, là ń gbé, nínú ilé bíríkì kékeré kan tí igi pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Dádì ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní àwọn ilé ọ́fíìsì ní Greenbelt, Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo wa á sì kó sínú mọ́tò kan náà lọ sí mọ́sáláṣí. Lójú ọ̀nà yẹn, a máa ń rí ẹṣin lẹ́yìn ọgbà onígi funfun, tí wọ́n ń jẹko, tí wọ́n ń fi ìrù lé eṣinṣin. Dádì kì í wò wọ́n. Láti Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ ẹṣin ti sú u, nítorí bàbá tó bí i lọ́mọ a máa gun ẹṣin tẹ̀lé ọba ní ọjọ́ Iléyá, ẹṣin náà ló sì gbé e ṣubú tí kò fi lè rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bàlíkì, ṣe lọ fẹ́ràn ẹṣin. Kó tó mọ ẹṣin, ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ni. Bó bá ti wọlé báyìí, á ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra rẹ̀, oúnjẹ nìkan ló lè mú un jáde. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó ìgbẹ́ ẹṣin ní oko ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Misis Hollis ni a tó máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé. Ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé ìgbẹ́ nìkan ni òun ń kó. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ pé ó ti ń gun ẹṣin. Nígbà tó tún ṣe, a gbọ́ pé ẹṣin tó ń gùn ń fo ìdènà, nítorí irú eré ìje tí Misis Hollis fẹ́ràn kì í ṣe ti orí pápá tó tẹ́jú. Ẹṣin á sáré yí oko ká, á máa fo ọgbà onígi tó ga tó àyà mi nígbà náà. Nígbà òtútù, ẹṣin gbé e ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ sì kán. Mọ́mì sunkún. Dádì kò sọ nǹkan kan títí eegun náà fi jinná, ìyẹn gan-an ló sì bà wá lẹ́rù jù.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, wá láti Ìlọrin kí wa lásìkò náà. Òun ló bá ẹ̀gbọ́n mi bẹ Dádì pé kí wọ́n jẹ́ kó sá eré ìje ìgbà ìrúwé tó ti ń múra sílẹ̀ fún tipẹ́. Dádì béèrè bóyá tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé kò sí, pé ife fàdákà lásán ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí. Dádì gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan dè é.

“Bàlíkì, tí o bá tún ṣubú, ó tán. O ò ní fọwọ́ kan ẹṣin mọ́ níwọ̀n ìgbà tí o bá wà nílé mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ẹnu Dádì kì í yẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n mi tún tì.

Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ eré náà fi mọ́, gbogbo oko wá rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn òyìnbó ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò wọn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ajá wọn ń sáré kiri. Àwa náà tẹ́ ẹní wa, a gbé móínmóín àti tíì gbígbóná kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́. Misis Hollis wá mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń fa àwọn ẹṣin yípo kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó lè fi àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n borí hàn wá. Èmi ni ògbufọ̀ Ìyá Àgbà.

Gómìnà ló kọ́kọ́ kọjá, ẹṣin dúdú gbàgìdì kan tí ara rẹ̀ ń dán. Misis Hollis ní òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó máa gbà á, nítorí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí èyí tó lè sá tó o. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ìkánjú ló sì fi máa ń fò, ẹrẹ̀ lè mú un. Dádì tó dúró lẹ́yìn wa béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Tó bá ṣubú, apá ibo ló máa ń ṣubú sí?”

Misis Hollis wò ó títí, ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn Gómìnà ni Ṣíbí Fàdákà, ẹṣin funfun aláwọ̀ eérú, tó ń gbé ẹsẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó mọ ìdènà fò, àmọ́ ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bó bá dé òkè, ìwà rẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ tán. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé ká má tan ara wa, funfun yìí ló máa borí gbogbo wọn, irú rẹ̀ ni bàbá àgbà mi gùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Pásítọ̀, arúgbó ẹṣin kan tí irun ti ń re lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò yára, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tíì ṣubú rí láyé rẹ̀. Ojú Dádì là.

“Kí ló dé tí wọn ò gbé Bàlíkì gun Pásítọ̀?”

“Bàbá Bàlíkì, ẹ rọra,” ni Mọ́mì wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé tó ń fẹ́ kí pásítọ̀ gbé ọmọ òun.

Kúbùsù ló kẹ́yìn, abo ẹṣin pupa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí rẹ̀, ó fi ìborí dúdú sábẹ́ àkẹtẹ̀ líle. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Misis Hollis ní kò sí ìdènà tó ga jù fún Kúbùsù, bó bá sì jẹ́ lórí ilẹ̀ tútù, ó lè fọwọ́ gbá Gómìnà sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ kan ni ojú tí kì í sinmi. Bó bá rí ohun tó ń dán lẹ́bàá ọ̀nà, ó lè dúró gbagidi wò ó.

Ìgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin Kúbùsù ni wàhálà dé, nítorí Mọ́mì kì í fẹ́ kí wọ́n yin ohun tó jẹ́ tiwa ní gbangba. Bí ọkùnrin náà bá ti sọ̀rọ̀ dáadáa kan, Mọ́mì á kọjú sí òpó, á ní “Máṣàállà!” Ìyá Àgbà rí i pé ìyẹn nìkan kò tó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹṣin náà kí aráyé má bàa fojú sí i lára: “Kúbùsù wo? Kúbùsù gbígbó yẹn! Kò mọ nǹkan kan jàre!” Misis Hollis béèrè ohun tí màmá ń sọ. Mo ní wọ́n sọ pé ẹṣin náà rẹwà púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n já asíá sílẹ̀, Dádì kọ ẹ̀yìn sí oko. Ó kọjú sí ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí n máa sọ fún òun. Ìdènà àkọ́kọ́ ni Ṣíbí Fàdákà dé tó kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó san owó tí kò jẹ.

“Ṣé kò rí i ni?” ni Ìyá Àgbà wí.

Àwọn yòókù fò ó. Mo ní, “Ó ti fò ó, Dádì. Ó tún ti fo òmíràn.” Wọ́n sáré gba ẹ̀yìn igbó kan lọ, a kò sì rí wọn mọ́. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ọkùnrin náà ní ẹnìkan ti ṣubú níbẹ̀. Kò dárúkọ.

“Kí ló wí?” ni Ìyá Àgbà bi mí.

Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. Èékánná Mọ́mì wọ èjìká mi, ó ń gbàdúrà sábẹ́ ètè. Dádì náà gbọ́ òyìnbó. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn nínú atẹ́gùn tútù náà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Wọ́n jáde láti ẹ̀yìn igbó. Pásítọ̀ ló ṣáájú, tó ń sáré bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Gómìnà ń bọ̀ pẹ̀lú gàárì òfìfo. Láàárín àwọn méjèèjì ni Kúbùsù, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí rẹ̀! Mo pariwo. Ó fo ìdènà ìkẹyìn, ẹrẹ̀ ta sókè, ó lé Pásítọ̀ títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ṣùgbọ́n baba arúgbó náà ló kọ́kọ́ kọjá ìlà.

“Dádì, ó ti parí! Ó ṣe ipò kejì! Kò ṣubú!”

Dádì yíjú padà. Ìgbà yẹn gan-an ni oòrùn kan ife fàdákà tí wọ́n gbé sórí tábìlì, Kúbùsù rí i, ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró. Ó gba orí ẹṣin náà fò, ó fi gbogbo ara lé ẹrẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Mi ò tíì rí Dádì kó sáré rí. Ó gba abẹ́ okùn kọjá, bàtà rẹ̀ kan kù sínú ẹrẹ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí a máa fi dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde jókòó, ó ń nu ojú.

“Dádì, I'm fine. Mi ò ṣubú o. Mo sọ̀kalẹ̀ ni.”

Gbogbo wa wo Dádì. Ó ń fi ọwọ́ tẹ èjìká ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀díẹ̀, níbi tí eegun ti kán tẹ́lẹ̀, ó tẹ apá, ó tẹ ọrùn. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Mo rí i. O sọ̀kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà míì, máa jẹ́ kí ẹṣin dúró ná.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. “Nígbà míì” tó wí yẹn ni gbogbo wa gbọ́.

Misis Hollis ti kú báyìí. Wọ́n ti kọ́ ilé sórí oko náà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì mọ ohun tó ti gba iwájú ilé wọn sáré kọjá rí. Ìyá Àgbà padà sí Ìlọrin, ó ń jiyàn títí ọlọ́jọ́ fi dé pé ara Ṣíbí Fàdákà ni kò yá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi gun ẹṣin títí ó fi wọ yunifásítì, ó sì fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ìwé pọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbóòórùn ẹṣin rí. Ẹ̀rù tó ń ba òbí lórí ọmọ ni mi ò rí kó yí padà. Èmi náà ti jogún tèmi.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà, Dádì kò kọ ẹ̀yìn sí eré mọ́. Á wá tààrà láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò ní bá wa jókòó lórí ẹní níbi tí eré ń parí sí. Ẹ̀bá ìdènà ìkẹyìn ló máa ń lọ dúró sí, níbi tó ga jù, tí ẹrẹ̀ ti máa ń ta sí ènìyàn lójú. Mo tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, “Dádì, kí ló dé tí ẹ máa ń dúró síbí?”

Kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà.

“Tó bá ṣubú, ibí ni mo ti máa tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.”